Abo Tí Alága Jẹ Àǹtí Garawa

"Ẹ gba ẹran yín!"

"Ẹran ta ni? Mo ti fún ọ, ó ti di tìẹ."

"Mo ní ẹ gba ẹran yín, Bọ̀dá, ẹ mú un kúrò níwájú mi kí n tó sọ ohun tí mi ò gbọdọ̀ sọ sí ẹ̀gbọ́n mi láyé!"

"Sọ ọ́! Sọ ọ́ ká gbọ́! Kí ni mo ṣèlérí fún ọ? Abo. Kí ni mo fún ọ? Abo. Gbé ìrù ẹ̀ sókè kó o wò ó. Ṣé akọ ló wà níbẹ̀?"

"Abo tí ò lè bímọ láéláé! Ṣé ẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn nínú ilé màlúù, láàárọ̀ ọjọ́ tí dókítà ẹran wá. Àǹtí mi dúró lápá kan, okùn ẹran lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n wọn dúró lápá kejì, ife tíì lọ́wọ́. Ẹran fúnra ẹ̀ wà láàárín, ó ń jẹ koríko, ọ̀rọ̀ náà ò kàn án. Dókítà ṣì ń bọ́ ìbọ̀wọ́ gígùn tó dé èjìká, ó ń fojú wá ibi tó máa gbà sá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín, torí ọ̀rọ̀ yìí ti rin gbogbo àdúgbò, àwọn aláìnílàákàyè kan ti ń sọ pé àǹtí mi ti ń ṣe wèrè. Wọn ò ṣe wèrè. Jìbìtì ni ẹ̀gbọ́n wọn lù wọ́n.

Àbúrò màmá mi ni wọ́n. Àǹtí Garawa ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, torí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò rí wọn rí kí garawa má wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n màmá mi náà, Alága là ń pè é. Kò ṣe alága nǹkan kan rí o. Ó kàn máa ń jókòó bí alága ni, á na ẹsẹ̀, á gbé ọwọ́ lé ikùn, á máa dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi í. Òun ló ni oko màlúù tí àǹtí mi ti ń ṣiṣẹ́. Kẹ́ ẹ má sì ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé: mo mọ̀ pé "wọ́n" la máa ń pe àgbàlagbà. "Wọ́n" ni mo ń pe àǹtí mi. Alága, "ó" ni mo máa máa pè é títí ó fi máa san gbèsè. Tó bá san án lọ́la, mo máa kó "wọ́n" ẹ̀ padà fún un pẹ̀lú èlé.

Èmi ní tèmi, ilé ìpẹran ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí màlúù bá ti fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn wọlé, mo wà lára àwọn tó ń rí i pé kò fi ẹsẹ̀ kankan rìn jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra wàrà nínú páálí, ẹ rò pé inú fíríìjì ló ti ń hù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àǹtí mi ti wà lábẹ́ màlúù. Wọ́n á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọmú, wọ́n á nù ún gbẹ. Wọ́n á fún ìwọ̀nba àkọ́kọ́ sínú ife dúdú kan, kí wọ́n lè rí i bóyá nǹkan dídì wà nínú ẹ̀, torí tó bá ti dì, ọmú yẹn ń ṣàìsàn nìyẹn, wàrà ẹ̀ ò gbọdọ̀ kan tàwọn tó kù. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó jókòó sórí àpótí, wọ́n á gbé orí ti ikùn ẹran, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀: ṣùú, ṣùú, ṣùú. Ẹ̀rọ wà o. Alága ra ẹ̀rọ ìfún-wàrà nígbà kan, ó pe gbogbo àdúgbò wá wò ó bí ẹni tó bí ọmọ. Nígbà tí rọ́bà ẹnu ẹ̀ gbó, Alága ní rọ́bà ti wọ́n jù. Láti ìgbà yẹn, aṣọ la ń sá lórí ẹ̀rọ. Ọwọ́ àǹtí mi ló di ẹ̀rọ.

Ọwọ́ yẹn, tó bá bọ̀ ẹ́ lọ́wọ́, wàá mọ̀ pé wọ́n bọ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọkùnrin kan tó fẹ́ fẹ́ wọn nígbà kan bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ báyìí, kò padà wá mọ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ tí òtútù bá mú, àwọn ìka yẹn kì í ṣí. Wọ́n á kì wọ́n bọ abẹ́ itan màlúù títí wọ́n á fi gbóná. Mo ti rí i tí wọ́n ń fi eyín ṣí ìdérí ìgò, kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe jàgídíjàgan, ìka ni kò gbà.

Alága ò sanwó gidi fún wọn. "Ẹbí ni wá," ìyẹn lọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀. Yàrá wà, oúnjẹ wà, wàrà wà, kí lo tún ń wá? Ohun tí àǹtí mi ń wá ò pọ̀. Màlúù kan ni wọ́n fẹ́ tó máa jẹ́ tiwọn. Ọ̀kan ṣoṣo, abo, tó máa bímọ, tí ọmọ ẹ̀ náà á tún bímọ, kí wọ́n lè máa fún wàrà ara wọn, kí wọ́n sì lè máa ní kí ẹlòmíì bá wọn fún un nígbà tí ọwọ́ yẹn bá gan pátápátá.

Alága gbà. Ó gbà lójú màmá mi, ó gbà lójú èmi náà. Ó ní, "Abo àkọ́kọ́ tí Kúìnì bá bí, tìẹ ni."

Kúìnì ni ọ̀gá àwọn màlúù inú oko yẹn. Ó dúdú, ó funfun, ọmú ẹ̀ tó àpò ìrẹsì, ìwà ẹ̀ ò dáa rárá. Ẹlòmíì fọwọ́ kàn án, ẹsẹ̀ ló máa fi kí i. Àǹtí mi nìkan ló ń gbà fún. Wàrà ẹ̀ nìkan á kún garawa kó dà sílẹ̀, tàwọn yòókù ò ní dé ìdajì. Ọmọ ẹ̀ obìnrin, wúrà ni.

Kúìnì lóyún, ó bí akọ. Ó tún lóyún, akọ. Ìkẹta, akọ. Ọmọ á yọ tán, kó tó mí sínú gan-an, àǹtí mi á ti gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ sókè. Wọ́n á wò ó. Wọ́n á tún wò ó bóyá ojú ló ń ṣe wọ́n. Alága á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi, Ọlọ́run ló ń fúnni lọ́mọ." Tàwọn akọ yẹn, ọ̀dọ̀ wa nílé ìpẹran ni wọ́n ń gbà bọ̀ tí wọ́n bá ti sanra. Mo bó awọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mi ò sọ fún àǹtí mi bí ẹran wọn ṣe dùn tó.

Ìgbà kẹrin ni wàhálà wá dé. Kúìnì bí ìbejì.

Akọ ló kọ́kọ́ jáde. Àǹtí mi wò ó, wọ́n jókòó gbì sórí ìgbẹ́ màlúù. Kúìnì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ẹsẹ̀ méjì tún yọ, imú tẹ̀ lé e. Abo!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ijó tí àǹtí mi jó lọ́jọ́ náà! Wọ́n jó tìgbẹ́tìgbẹ́. Abo ni, ó tún wá jẹ́ ìbejì! Ta ni wọ́n máa bí ìbejì lójú ẹ̀ tí ò ní yọ̀? Màmá mi pariwo lórí fóònù títí etí fi ń ro mí. Ìyẹn gan-an ló fọ́ gbogbo wa lójú. Ohun tá a fi ń kí èèyàn kú oríire la fi ń kí màlúù. Ẹnikẹ́ni ò rò ó pé ọ̀tọ̀ ni ikùn màlúù.

Alága yára lọ́jọ́ yẹn. Ó yára jù. Ẹni tí ò lè fún ọmọdé ní súwíìtì kó má bèèrè ọ̀rá ẹ̀ padà, òun ló sáré gbé ọmọ màlúù tí omi ò tíì gbẹ lára ẹ̀, ó gbé e lé àǹtí mi lẹ́sẹ̀. "Gbà, àbúrò mi. Abo rẹ nìyí. Mo ti mú ìlérí mi ṣẹ. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ jẹ́rìí sí i o!" Ó ní kí n ya fọ́tò. Fọ́tò náà ṣì wà nínú fóònù mi: Alága ń rẹ́rìn-ín, àǹtí mi ń sunkún ayọ̀, ọmọ màlúù ń tọ̀ sórí bàtà Alága. Ẹran yẹn tètè mọ èèyàn.

Ìyàwó ni wọ́n sọ ọ́. Àkọ́fún wàrà, èyí tó máa ń nípọn tó máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí ọmọ ò gbọdọ̀ má mu, Ìyàwó ló kọ́kọ́ mu tiẹ̀ kó tó kan ìkejì ẹ̀. Wọ́n ra èèrí fún un. Wọ́n ra iyọ̀ dídì tí ẹran máa ń lá. Wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì ya irun ara ẹ̀ lójoojúmọ́. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, ẹnikẹ́ni ò fi búrọ́ọ̀ṣì kàn mí rí. Ìyàwó dàgbà, ó ga, ó nípọn léjìká, ọrùn ẹ̀ ki. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá á ní, "Ẹran yìí mà dára o." Kò sí ẹni tó ní, "Kí ló dé tó fi jọ akọ?"

Nígbà tó yá, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ. Tí abo màlúù bá ń wá akọ, gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀. Á máa ké, á máa gun ẹgbẹ́ ẹ̀, á dúró kí ẹgbẹ́ ẹ̀ gun òun, ojú ò ní tì í. Ìyàwó ò ké. Ó ń jẹ koríko ní tiẹ̀. Àǹtí mi ní ọmọlúwàbí ni.

Mo ní, "Àǹtí, màlúù ni."

Wọ́n ní, "Ìwọ tó ò ń sá tẹ̀ lé gbogbo síkẹ́ẹ̀tì tó bá kọjá, níbo lo ti fẹ́ mọ ọmọlúwàbí?"

Ṣùgbọ́n ó pẹ́ jù. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lóyún, wọ́n bí, a ti ń fún wàrà wọn. Ni àǹtí mi bá pe Dókítà Ìbọ̀wọ́. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa gbé àtọ̀ akọ màlúù kiri nínú agolo tó tutù ju yìnyín lọ. Á ti ọwọ́ bọ abo nídìí títí dé èjìká, á sì fi oyún sí i láìsí akọ nítòsí. Ó ní ìyàwó nílé o. Mi ò mọ ohun tó máa ń sọ tí wọ́n bá bi í pé báwo ni iṣẹ́ òní.

Ó ti ọwọ́ bọ Ìyàwó. Ó wá a síbí, ó wá a sọ́hùn-ún. Ó dijú bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Ó fa ọwọ́ yọ.

"Ìyá, ṣé wọ́n bí akọ mọ́ ẹran yìí ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà! Ìbejì ni!" Ayọ̀ ṣì wà lójú àǹtí mi.

"Háà."

"Háà kí ni?"

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní tí akọ àti abo bá jọ wà nínú ikùn màlúù kan náà, ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń dà pọ̀. Ti akọ á lọ ba ilé ọmọ abo jẹ́ kí wọ́n tó bí i. Ó lè rí bí abo lójú, ó lè tọ̀ bí abo, ṣùgbọ́n ilé ọmọ ò ní sí níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń bọ́ ò pọ̀ rárá. "Eléyìí ò bọ́, Ìyá. Ẹ má bínú."

"Ṣebí ìbejì èèyàn kì í rí bẹ́ẹ̀?"

"Ti èèyàn kì í rí bẹ́ẹ̀. Màlúù ni, Ìyá."

Ibẹ̀ ni ariwo tẹ́ ẹ bá níbẹ̀rẹ̀ yẹn ti bẹ́.

Alága ní òun ò mọ̀. "Ṣé èmi ni mo wà nínú ikùn Kúìnì ni? Tà á, àbúrò mi! Ẹran tó sanra tó báyìí, àwọn alápatà á máa jà sí i. Gba owó ẹ̀, ká yanjú ọ̀rọ̀."

"Ẹ ò ṣèlérí owó fún mi. Màlúù tó máa bímọ lẹ ṣèlérí."

"Irọ́! Mi ò sọ pé 'tó máa bímọ'. Abo ni mo wí. Bi ọmọ yìí, ó wà níbẹ̀."

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Mo ní, "Bọ̀dá, tẹ́ ẹ bá lọ ra ọkọ̀, ṣé ẹ máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ẹ́ńjìnì sí i?"

Ó ju ife tíì lù mí. Kò bà mí, ṣùgbọ́n ife náà ṣe mí láàánú, ife tó dára ni.

Ká ní ó dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá má le tó bẹ́ẹ̀. Kò dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kiri pé onírọ́ ni dókítà, pé ẹran náà pé pérépéré, pé àǹtí mi ló fi èèrí àjẹjù sọ ọ́ di àgàn. Kódà ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní ìkóríta bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni pé ọwọ́ àǹtí mi ò dáa. Ọwọ́ yẹn! Nígbà tí àǹtí mi gbọ́, wọn ò pariwo. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ilé ọmọ yẹn. Kí ẹ̀gbọ́n mi náà fi ojú ara ẹ̀ rí i."

Ìyàwó kúkú ti ń jẹ bí ẹni mẹ́ta, kò ní bí, kò ní ṣe wàrà. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lóko rí mọ ibi tó kù tí irú ẹran bẹ́ẹ̀ ń lọ.

Àǹtí mi fúnra wọn ló fà á wá sọ́dọ̀ wa nílé ìpẹran. Ibi iṣẹ́ wa ò rí bí ẹ ṣe rò ó. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni, omi gbígbóná la fi ń fọ̀ ọ́, irin gígùn wà lókè tí àwọn ìkọ́ ń rìn lórí ẹ̀. Ẹran á gba ọ̀nà tóóró kan wọlé, kò ní rí ẹni tó ṣáájú ẹ̀. Wọ́n á fi ìbọn onírin kan tẹ̀ ẹ́ níwájú orí, á dákú lọ, kò ní mọ nǹkan kan mọ́ kí ọ̀bẹ tó dé ọrùn. A ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbé e kọ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn tán, a ó bó awọ, a ó la ikùn jẹ́jẹ́ kí ìfun má bẹ́, torí tí ìfun bá bẹ́, ọ̀gá wa náà á bẹ́. Wolé-wolé á yẹ ẹ̀dọ̀ wò, á yẹ ẹ̀dọ̀fóró wò, á lu òǹtẹ̀. A ó là á sí méjì, ó di inú yàrá tútù, torí ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú máa ń le, ó gbọ́dọ̀ sùn kó tó rọ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà, àǹtí mi fi okùn lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Má jẹ́ kí ẹ̀rù bà á." Wọ́n fọwọ́ pa á lórí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì lọ dúró sẹ́yìn ògiri. Mi ò ní sọ̀rọ̀ jù lórí ìyẹn.

Nígbà tá a bó o tán, ọ̀gá mi yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rá funfun tín-ín-rín ta kókó sínú ẹran pupa yẹn bí iṣẹ́ ọnà. Ó ní, "Ta ló tọ́ ẹran yìí dàgbà? Kó wá máa tọ́ èmi náà." Ó fẹ́ kówó fún àǹtí mi lójú ẹsẹ̀. Wọn ò gbà á. Wọ́n ní, "Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹran ẹ̀ ni. Tí mo bá gbà á, á ní òun ti san."

Mo wá wá ilé ọmọ. Ti abo tó ti bàlágà máa ń nípọn, ó máa ń yà sí méjì, á ká bí ìwo àgbò. Ohun tí mo rí nínú Ìyàwó ò ju okùn bàtà lọ. Èmi tí mo ti la ikùn tí mi ò lè ka iye ẹ̀, mo kọ́kọ́ rò pé mo gé e sọnù ni.

"Gé e fún mi," àǹtí mi wí.

"Àǹtí, kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?"

"Ṣé tìẹ ni?"

Wolé-wolé ní òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde. Àǹtí mi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n sì ń bẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Òfin gbà.

Inú ike bọ́tà tó ti tán ni wọ́n gbé e sí, wọ́n dé e, ó di palọ̀ Alága. Mo tẹ̀ lé wọn, màá ti ṣe máa wo irú eléyìí lẹ́yìn? Àlejò wà lọ́dọ̀ Alága, àwọn méjì láti ilé-iṣẹ́ tó ń ra wàrà ẹ̀: obìnrin kan tó wọ kóòtù, ọkùnrin kan tó gbé kọ̀ǹpútà lé itan. Bísíkíìtì wà lórí tábìlì. Alága na ẹsẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó ń sọ fún wọn pé, "Nínú oko mi, òṣìṣẹ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ẹbí ni."

Àǹtí mi kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn, wọ́n kí wọn dáadáa. Tí àǹtí mi bá kúnlẹ̀ dáadáa báyẹn, kẹ́ ẹ tètè máa wá ilẹ̀kùn. Wọ́n ṣí ike náà, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bísíkíìtì.

Obìnrin yẹn ní, "Ìyá, kí ni eléyìí?"

"Ilé ọmọ abo tí ẹ̀gbọ́n mi fún mi ni, mà. Ó ní ó pé pérépéré. Mo ní kẹ́ ẹ bá mi wò ó."

Ọkùnrin kọ̀ǹpútà tó ti mú bísíkíìtì dání rọra dá a padà sínú àwo. Alága gbé ọwọ́ kúrò lórí ikùn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ẹbí ni, mò ń bọ̀," ó sì fa àǹtí mi lọ sí kọ́rídọ̀ ilé ìdáná. Kọ́tìnì lásán ló wà láàárín. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mo rò pé àwọn àlejò náà gbọ́.

"Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Ẹ mọ̀, àbí ẹ ò mọ̀?"

"Níwájú àwọn tó ń ra wàrà mi!"

"Bọ̀dá, ẹ mọ̀ àbí ẹ ò mọ̀?"

Ó wá ní, "Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Bàbá wa ti ní irú ẹ̀ rí, o ò tíì dáyé nígbà yẹn." Ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀. "Kí ni kí n ṣe? Tí mo bá fún ọ lábo gidi, ṣé wàá dúró ni? Lọ́dún mélòó kan sí i, o ti kó ẹrù ẹ. Ta ló máa wá fún wàrà? Ta ni Kúìnì máa gbà fún? Ìwọ lo gbé oko yìí dúró, kì í ṣe èmi. Ṣé o fẹ́ kí n wá máa sọ ìyẹn lójú ọjà ni?"

Mo rò pé ọkàn àǹtí mi máa rọ̀. Èmi gan-an, àánú ẹ̀ fẹ́ẹ̀ ṣe mí díẹ̀. Àǹtí mi ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ mí lábo kan. Ọmọ Kúìnì. Èyí tí wọn ò bí mọ́ akọ." Wọ́n jáde, wọ́n dé ike wọn, wọ́n kí àwọn àlejò pé ó dàbọ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àǹtí mi ò lọ sábẹ́ màlúù. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, wọ́n ń gé èékánná ẹsẹ̀. Àwọn màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Màlúù tí wọn ò bá fún wàrà ẹ̀, ìrora ni, ọmú á le bí òkúta. Alága sáré kó aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ di ẹnu ẹ̀. Ẹ̀rọ fà lẹ́ẹ̀mejì, ó jábọ́. Ó wá gbé ọgbọ́n mìíràn dé: ó wọ aṣọ iṣẹ́ àǹtí mi, ó wé gèlè àǹtí mi, ó gbé garawa, ó ń tiro lọ bá Kúìnì kó lè rò pé àǹtí mi ni. Mo fi Ọlọ́run búra, mo rí i. Kúìnì yíjú, ó gbóòórùn ẹ̀, ó wò ó láti gèlè dé bàtà. Ẹsẹ̀ kan péré ló fi dá a lóhùn. Garawa gba ọ̀tún, gèlè gba òsì, Alága jókòó sínú ìgbẹ́. Èmi ò lè ràn án lọ́wọ́, ẹ̀rín ti dá mi dùbúlẹ̀.

Ọkọ̀ tó ń gbé wàrà dé, awakọ̀ yọjú sínú táǹkì, ó ní ṣé ẹ ti ń gbààwẹ̀ ni, ó bá tiẹ̀ lọ.

Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, ohùn Kúìnì ti há, wàrà ti ń kán sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Ojú àǹtí mi ò gbà á mọ́. Wọ́n dìde, wọ́n gbé garawa, wọ́n gba iwájú Alága kọjá. "Kì í ṣe torí yín o. Àwọn ẹran ò jẹ mí ní nǹkan kan." Wọ́n fún wọn tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n parí, ìka wọn ò ṣí, èmi ni mo bá wọn tú u lára ọwọ́ garawa.

Alága ti ń wá ọ̀nà àtisan án láti ìgbà yẹn. Ó fa abo kékeré pupa kan wá. Àǹtí mi wò ó lẹ́nu, wọ́n wò ó nídìí, wọ́n bèèrè ìyá ẹ̀. "Ìyá ẹ̀ tí wàrà ẹ̀ ò kún ife? Ẹ mú un padà." Kúìnì tún ti lóyún báyìí. Dókítà Ìbọ̀wọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹyọ kan lòun fọwọ́ bà. Wọ́n bi í pé akọ ni àbí abo. Ó ní, "Ìyá, ọwọ́ ni mo fi ń wò, kì í ṣe ojú."

Mo bi àǹtí mi lánàá, níbi tí wọ́n ti ń fún wàrà, pé, "Tó bá tún jẹ́ akọ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé ó ṣì jẹ mí."

"Tí ìka yín ò bá wá ṣí mọ́ kó tó san án ńkọ́?"

Wọ́n gbé orí ti ikùn Kúìnì bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan. Alága ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò jókòó, kò sì gbé ọwọ́ lé ikùn.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé mo jẹ ọ́, àbúrò mi."

Àǹtí mi ní, "Ẹ yà níbẹ̀, Bọ̀dá. Ẹ̀ ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi lójú."